Ìbọn Inú Ẹ̀wù Òtútù

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù Ẹrẹ́nà, 2025

Ìwé tuntun. Mo rà á ní ọjà Heathway, ní Dagenham ní London níbí, lánàá. Ìlà rẹ̀ fẹ̀ dáadáa fún ojú ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.

Dáníẹ́lì, ọmọ wa, pè wá láti Philadelphia lẹ́yìn ìsìn, a sì ń rí ojú rẹ̀ nínú fóònù. Ara rẹ̀ yá gágá. Ó ní òun ní ohun kan tí òun fẹ́ fi hàn wá. Mo rò pé ìròyìn oyún ni. Ìbọn ìléwọ́ ni. Dúdú, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sì gbé e dání jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé òròmọdìẹ. Sístà pariwo "Jésù!" ó da fóònù dojú bolẹ̀ lórí tábìlì. Sístà ni mo ń pe Victoria ìyàwó mi nínú ìwé mi. Ó ṣe ọ̀gá nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó ti fẹ̀yìn tì ní ilé ìwòsàn, kò tíì fẹ̀yìn tì nílé.

Wọ́n ja Dáníẹ́lì lólè níbi tó ti ń ra epo sọ́kọ̀ ní oṣù Ọ̀pẹ. Láti ìgbà náà ló ti gba ìwé àṣẹ, tó sì ń gbé ìbọn náà sábẹ́ aṣọ lọ síbi gbogbo, àfi ibi iṣẹ́. Òfin Pennsylvania, ìpínlẹ̀ tí Philadelphia wà, gbà á láàyè. N kò lè bá a jà lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ní Àbámẹ́ta ọjọ́ kejìlélógún, yóò wakọ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú Newark láti gbé Ìmísí, tó ń lọ lo ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn. New Jersey ni Newark wà. Odò kan ló la ìpínlẹ̀ méjèèjì láàrin. Mo ní, "Má gbé e kọjá odò." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dádì, èmi ní láísẹ́ńsì. Bọ̀dá Lazarus ni kò ní, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jù ú sẹ́wọ̀n."

Sístà ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ẹni yẹn nínú ilé òun. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ni Lazarus. Òun náà ni baba Ìmísí.

Mo dìde lọ po tíì. Kì í ṣe pé òùngbẹ ń gbẹ mí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta

Mo sùn fọnfọn. Ó yẹ kí ojú tì mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ọjọ́ Eérú. Mo gbààwẹ̀ títí di aago mẹ́ta, mo sì lo àkókò náà ní ilé ìkàwé. Mo wá òfin náà kàn. Ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Rodiyah, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, ojú ìwé mọ́kànlá. Ó ka àkọlé, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin àti ìbọn?" Mo ní ọmọ mi ló ni ìbọn, kì í ṣe èmi. Ó ní, "Ohun tí gbogbo wọn máa ń sọ nìyẹn, sà." A jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi kò dénú.

Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀. New Jersey kò ka ìwé àṣẹ ìbọn ìpínlẹ̀ mìíràn sí. Ìwé ìwakọ̀ Dáníẹ́lì lè gbé e dé ìpẹ̀kun Amẹ́ríkà. Ìwé ìbọn rẹ̀ á kú sí àárín afárá. Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lára láìní ìwé tiwọn, ó lè lo ọdún mẹ́ta ààbọ̀ lẹ́wọ̀n kó tó rí ìta. Kò sí ẹni tó mọ apá òfin yìí tó mi ní gbogbo Dagenham. Mo lè sọ ọ́ ní gbangba: mo mọ̀ ọ́n ju lọ́yà lọ.

Mo ya àwòrán ojú ìwé mọ́kọ̀ọ̀kànlá, mo fi ránṣẹ́ sí Dáníẹ́lì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Dáníẹ́lì fèsì. Àwòrán àtàǹpàkò tó nà sókè. Ojú ìwé mọ́kànlá — àtàǹpàkò kan!

Mo pè é. Ó ní tàwọn ọ̀daràn ni òfin yẹn, pé wọn kì í lò ó fún nọ́ọ̀sì bíi tòun tó ní ìwé, tí ìjọba ti gba ìtẹ̀ka rẹ̀. "Dádì, ká ní Bọ̀dá Lazarus ní ìwé ni, ilé ni ì bá sùn lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wa láti kékeré."

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Òótọ́ ni.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìmísí wá jẹun ọ̀sán láti Barking Riverside. Ọmọ náà ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní gbogbo ọ̀sẹ̀, síbẹ̀ òun ló fọ abọ́. "Dádì Dagenham" ló ń pè mí. Láti ìgbà tó ti dé láti Abẹ́òkúta lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kò tíì pa ọjọ́ Àìkú kan jẹ láìkí mi, ó máa ń kúnlẹ̀ lórí káńpẹ́ẹ̀tì, mo sì máa ń sọ fún un pé orúnkún rẹ̀ á bó.

Sístà yọ ẹ̀wù òtútù aláwọ̀ búlúù tirẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní òtútù ibẹ̀ kò tíì lọ, kí Ìmísí wọ̀ ọ́ lọ. Ó bá a de bọ́tìnnì dé ọrùn. Ó ní, "Ẹni tí mo ra ẹ̀wù òtútù fún kẹ́yìn, ẹ wo ohun tó lọ kó sínú àpò rẹ̀." Ìmísí wolẹ̀. Baba rẹ̀ ni wọ́n ń bú, aṣọ ẹni tó ń bú u ló sì wọ̀.

Mo wo ẹ̀wù náà. Mo wo àpò rẹ̀. Ọkọ̀ kan náà ni Dáníẹ́lì àti ọmọ Lazarus máa jókòó sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Sístà lọ sí Heathway. Ilé dákẹ́. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bó ṣe rí, kí n má bàa ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà tí mo bá ń sọ ọ́ lẹ́nu.

Ọdún 1994, ọjọ́ Àìkú kìn-ín-ní oṣù Bélú. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta ni mí, mo ní oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, mo sì ń wa takisí ní Philadelphia. Wọ́n ti jà mí lólè lẹ́ẹ̀mejì. Mo ra ìbọn ìléwọ́, mo gba ìwé àṣẹ. Kékeré ni mo ń pe ìbọn náà, n kò sì sọ fún Sístà pé mo ní in. Kékeré ń bẹ ní ìbàdí mi lábẹ́ aṣọ nígbà gbogbo. Ó mú mi máa rìn bí ẹni tó ga ju bí mo ṣe ga lọ.

Lazarus dé láti Nàìjíríà lóṣù mẹ́jọ ṣáájú. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Sístà ra ẹ̀wù òtútù fún un, èyí tó nípọn jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ náà ìjọ wa tó wà ní Newark ń ṣe ìkórè. Sístà wà lẹ́nu iṣẹ́, Dáníẹ́lì ọmọ ọdún méje wà lọ́dọ̀ aládùúgbò. Èmi àti Lazarus nìkan la lọ. Mo ti ka nǹkan kan níbì kan pé ìwé àṣẹ mi lè má ṣiṣẹ́ lókè odò. Mo sọ fún ara mi pé bí ìwé ìwakọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, tìbọn á ṣiṣẹ́. Ọ̀mọ̀wé tó tan ara rẹ̀ jẹ, kò sí ẹni tó lè là á lọ́yẹ̀.

A dé iwájú ìjọ. Mo bọ́ bàtà, mo wọ sùtánà funfun nínú ọkọ̀. Nígbà náà ni mo rántí Kékeré. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá wọ aṣọ funfun yẹn kò ní fi irin ikú sábẹ́ rẹ̀ wọ ilé Ọlọ́run. Àpótí iwájú ọkọ̀ mi kò ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀wù Lazarus wà lórí àga ẹ̀yìn; ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń bá àwọn èèyàn gbé ìrẹsì wọlé. Mo ti ìbọn náà bọ àpò inú ẹ̀wù rẹ̀. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo bọ̀wọ̀ fún ilé Rẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, atẹ́gùn ti mú. Lazarus wọ ẹ̀wù rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan. "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan wúwo níbí o." Mo ní, "Jẹ́ kó wà níbẹ̀, ó di ilé." Mo ti yó. Ó rẹ̀ mí láti dúró.

Iná bíréèkì ọkọ̀ mi kan kò tàn. Ọlọ́pàá New Jersey dá wa dúró, oòrùn ṣì wà lókè. Ó wo sùtánà mi, ó wo ẹsẹ̀ mi lásán, ó pè mí ní Fadá. Lazarus ló yẹ̀ wò. Ó fa Kékeré yọ. Ó bi wá pé ta ló ni ín.

Lazarus kò dáhùn. Ó wò mí. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nílé wọn, àbúrò kì í nàka sí ẹ̀gbọ́n níwájú àlejò. Ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó fi àyè sílẹ̀ fún mi. Ọlọ́pàá bi wá lẹ́ẹ̀kejì. Mo mọ̀ nígbà náà pé ìwé tó wà lápò mi kò ní gbà mí. Mo wo ojú fèrèsé. Ọlọ́pàá bi wá lẹ́ẹ̀kẹta. Lazarus ní, "Ẹ̀wù mi ni."

Ohun tó sọ kò ju ìyẹn lọ. Ìyẹn ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó jẹ́wọ́.

Mo sọ fún Sístà pé ọmọkùnrin náà ra ìbọn, ó sì ń gbé e kiri láìgbàwé. Mo sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé n kò mọ̀ ọ́n. Ó lo ọdún méjì lẹ́wọ̀n, wọ́n dá a padà sí Nàìjíríà. Kò parí ẹ̀kọ́. Jẹnẹrétọ̀ ló ń tún ṣe ní Abẹ́òkúta títí dòní.

Mo kọ ọ́ tán.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo tún gbìyànjú àrékérekè kan ṣoṣo, kí n jẹ́wọ́ ìyẹn náà. Mo pe Dáníẹ́lì pé kí Ìmísí wọ ọkọ̀ ojú irin láti Newark. Ó ní kí ọmọ tí kò dé Amẹ́ríkà rí máa fa àpótí kiri nínú ọkọ̀ ojú irin? "Dádì, kí ló ń ṣe yín gan-an?"

Irọ́ mi ni Dáníẹ́lì gbára lé. Òfin kò lè tú u. Òótọ́ nìkan ló lè tú u. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ, níwájú ìyá rẹ̀. Mo ti pinnu, ó sì ti tán.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ti sọ ọ́.

Mo gbé fóònù ti agolo mílíìkì kí Dáníẹ́lì lè máa rí àwa méjèèjì. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́. Kò gùn tó bí mo ṣe rò. Ọgbọ̀n ọdún, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lọ.

Dáníẹ́lì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bi mí bóyá mo ní ìwé àṣẹ nígbà yẹn. Mo ní mo ní in. Mo fà á yọ nínú ìwé orin mi, níbi tó ti wà láti ọjọ́ náà, káàdì kékeré tí àwòrán mi wà lórí rẹ̀, irun mi ṣì dúdú. Mo gbé e síwájú fóònù. Mo ní, "Irú tìrẹ gan-an ni. Ọ̀dọ̀ ìjọba kan náà ló ti wá. Àpò mi ló wà nígbà tí wọ́n ń de àbúrò ìyá rẹ lọ́wọ́. Ká ní ó wúlò ni, ǹ bá yọ ọ́." Ó ní, "Háà, Dádì." Lẹ́yìn náà ó pa fóònù, ojú rẹ̀ sì lọ.

Sístà gba káàdì náà. Ó fi awò sójú. Ó ka orúkọ, ó ka ọjọ́, ó yí i padà wo ẹ̀yìn bó ṣe máa ń yẹ ìgò oògùn wò. Ó gbé e kalẹ̀.

"Adéyanjú."

Ọdún méjìlélógójì la ti fẹ́ra. Bàbá Dáníẹ́lì ló ń pè mí. Kò pe orúkọ mi lásán bẹ́ẹ̀ rí.

"Adéyanjú, nígbà tí ìyá wa kú, mo ní kí Lazarus má fọwọ́ kan pósí. Mo lé e sẹ́yìn láàárín èrò. Ìwọ ńkọ́, níbo lo wà?"

Mo ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó wo ọwọ́ náà. Ó dìde.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ó gbé oúnjẹ mi sórí tábìlì, ó lọ jẹ tirẹ̀ lórí òkè. Dáníẹ́lì kò pè.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Sístà wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Barking Riverside láàárọ̀, kò sọ fún mi. Ìmísí ló pè mí lọ́sàn-án. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Ó tọ́ sí mi, màá sì gbà á lórí ìdúró.

Kò bú mi. Ó ní Mọ́mì Dagenham ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òun, ẹkún ló sun títí. Mo bi í bóyá baba rẹ̀ ti sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ó ní rárá. "Dádì mi kàn máa ń sọ pé bí mo bá dé London, kí n máa kí yín dáadáa, pé ẹ̀gbọ́n òun ni yín. Wọ́n ní kí n rí i pé mo kúnlẹ̀."

Gbogbo ọjọ́ Àìkú yẹn, lórí káńpẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́yìn náà ni mo wí fún un pé Dáníẹ́lì kò tíì fèsì, pé kó má wọ ọkọ̀ rẹ̀ bí ìbọn bá wà níbẹ̀. "Ẹ fi ọkàn balẹ̀," ó ní. "Mo máa ní kó tú gbogbo àpò rẹ̀ níwájú mi." Ọmọ akin. Ṣùgbọ́n bí Dáníẹ́lì bá gbé e dé pápákọ̀, ó ti kọjá odò. Ó ti pẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí Dáníẹ́lì. "Ọmọ mi, má jogún mi." Kò fèsì. Ó ti kà á, mo rí àmì rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ níbí ni ọkọ̀ òfurufú Ìmísí balẹ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀, kò sí nǹkan. Aago méje, kò sí nǹkan. Sístà jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, mo jókòó sí yàrá ìjókòó, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí láàrin wa. Mo sọ fún ara mi pé Dáníẹ́lì ti fi ìbọn sílẹ̀ nílé. Mo gbà á gbọ́ gidi. Mo kàn ń wo aago ni.

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fóònù dún. Ohùn Dáníẹ́lì ń gbọ̀n, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun dúró pẹ́ jù níbi tí wọ́n ti ń gbé èrò. Ọlọ́pàá wá kan gíláàsì pé kó sún síwájú. Nígbà tí òun na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀wù òun gbéra, ọlọ́pàá sì rí àpò awọ ìbọn ní ìbàdí òun.

Òfìfo ni àpò náà. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé ó wọ̀ ọ́ láàárọ̀ láìrò ó, bí ẹni wọ aago ọwọ́. Ìbọn wà nílé nínú àpótí irin, ó fúnra rẹ̀ ló tì í.

Wọ́n mú un sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tú búùtù, wọ́n tú abẹ́ àga, wọ́n tú báàgì oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Ìmísí dé bá wọn lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní kí òun náà kó ohun tó wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ jáde. Pépà ìnujú mẹ́ta àti súìtì Sístà kan. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú wọ́n ní kí wọ́n máa lọ.

"Dádì," Dáníẹ́lì ní. Ó tún ní, "Dádì." Ìmísí gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ebi ń pa òun.

Mo bojú wo àtẹ̀gùn. Sístà ti dojú bolẹ̀ mọ́ orúnkún, èjìká rẹ̀ ń mì. N kò sún mọ́ ọn. N kò tíì ní ẹ̀tọ́ náà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

A lọ sí ìsìn, Sístà jókòó ní ìlà iwájú, èmi ní ẹ̀yìn pátápátá.

Nígbà tí a dé ilé, ó gba òkè lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Èdè Ẹ̀gbá ló ń sọ, ògidì, èyí tí kì í bá mi sọ nítorí mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sunkún. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó ní, "Ìwọ Lazarus yìí, orí rẹ ò pé!" ó sì bú sẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí a ti kúrò ní Philadelphia.

Ó sọ̀ kalẹ̀ wá. Kò pè mí ní Bàbá Dáníẹ́lì, kò sì pè mí ní Adéyanjú. Ó na fóònù sí mi. Ó ní, "Ẹ gbà." Kò kúrò níbẹ̀.

Mo ti múra ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan, ó ní orí, ó ní àárín. Mo ní, "Lazarus, mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún ọ pé—"

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ẹ̀gbọ́n." Ohùn rẹ̀ ti di ti àgbàlagbà. Jẹnẹrétọ̀ kan ń ké lẹ́yìn rẹ̀, ó ní kí ẹnì kan pa á. "Àǹtí mi ti sọ gbogbo rẹ̀, ẹ má wàásù. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Ọlọ́pàá yẹn bi wá ní ìgbà mẹ́ta. Mo ti ń dúró dè yín láti ìgbà náà. Ẹ̀gbọ́n, ta ló ni ìbọn?"

Mo dìde dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí mi.

"Èmi ni mo ni ín," mo ní. "Èmi Adéyanjú ni mo ni ìbọn yẹn, Lazarus. Èmi ni mo fi í síbẹ̀."

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Ẹ̀wù nìkan ni tèmi."